Ọjọ́ Tí Mo Wọ Ilé Onílé ní Dunkerque

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní sùúrù ka ọ̀rọ̀ àgbàlagbà yìí, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ má fòyà, ẹ̀rín ni o! Àmọ́ kò kọ́kọ́ dà bí ẹ̀rín lójú mi.

Ẹ̀yin ará Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìpẹ̀rú mọ̀ mí. Tíṣà èdè Faransé ni mí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín, mo sì kọ́ ẹlòmíràn nínú yín fúnra rẹ̀. Ta ló lè gbàgbé ẹgba mi? Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí púpọ̀ nínú yín kò mọ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹsẹ̀ mi kò tẹ ilẹ̀ Faransé rí.

Báwo ló ṣe jẹ́? Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, wọ́n máa ń kó àwa tí à ń kọ́ Faransé lọ sí ọ̀hún fún ọdún kan. Mo ti ya fọ́tò físà. Mo ti ra kóòtù òkìríkà kan lọ́jà Ṣàgámù, mo máa ń wọ̀ ọ́ wo ara mi nínú dígí bí kò tilẹ̀ sí òtútù níbì kankan. Ni bàbá mi bá kú. Èmi ni àkọ́bí. Àbúrò mẹ́rin wà lẹ́yìn mi, oko obì sì wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tí yóò bójú tó o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wọ bàálù, èmi wọ oko.

Nígbà tí wọ́n padà dé, imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Faransé tèmi, Faransé inú oko obì ni. Eré ni wọ́n ń ṣe, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Títí mo fi fẹ̀yìn tì ni mo ń bi ara mi léèrè: èdè tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ yìí, ṣé Faransé gidi ni? Bí onílé bá gbọ́ ọ, ṣé yóò mọ̀ pé èdè òun ni?

Nígbà tó wá di ìparí ọdún tó kọjá, Ṣadé ọmọ mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú Lille ní apá àríwá ilẹ̀ Faransé, pè mí pé kí n wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní bí mo bá máa wá, àsìkò ọdún wọn ni mo fẹ́ o. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, ìgbà wo ni wọn kì í ṣe ọdún níbí?"

Òótọ́ ló sọ! Èmi tí mo ti ń fi àwòrán inú ìwé kọ́ àwọn ọmọ, ṣé n ò mọ̀ ni? Ní oṣù kejì, ní Nice létí òkun gúúsù, wọ́n á máa ju òdòdó láti orí ọkọ̀ sí àwọn tó wà lójú títì. Ní Menton tó wà nítòsí rẹ̀, òroǹbó àti ọsàn kíkan ni wọ́n fi ń mọ ère tó ga ju ilé lọ. Ní oṣù kẹfà, alẹ́ ọjọ́ kan wà tí gbogbo orílẹ̀-èdè máa ń kọrin níta. Ní oṣù kejìlá, àwọn ará Lyon á tan àbẹ́là sójú fèrèsé ilé wọn. Mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí, bí ẹni tó mọ orúkọ ọbẹ̀ tí kò jẹ ẹ́ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé Lille ní oṣù kejì. Ní ọjọ́ kẹta, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi fúnra mi lọ ra búrẹ́dì. Láti ilé ni mo ti to ọ̀rọ̀ mi bó ṣe yẹ. Mo kí ọmọbìnrin tó ń tà á, mo béèrè bóyá yóò ṣe mí lóore kí ó fún mi ní búrẹ́dì gígùn méjì. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn.

Gẹ̀ẹ́sì! Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún ó lé tí mo ti ń sọ Faransé!

Mọ́jí, ọmọ Ṣadé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wà lẹ́yìn mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín dákú. Ó ní, "Gránpà, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ báyẹn mọ́. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi Bíbélì!" Ìyá rẹ̀ bá a wí nígbà tí a délé, ṣùgbọ́n mo rí i pé òun náà ń kó ẹ̀rín jẹ. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti pa Faransé mi mọ́nú. Bí aládùúgbò bá kí mi, mo kàn ń mi orí ni, bí alángbá.

Ṣadé fura. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ní ká lọ sí Dunkerque, ìlú apẹja létí òkun, lọ wo ọdún wọn. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé wa dé ibẹ̀.

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ènìyàn! Ọkùnrin onírùngbọ̀n, tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn, ó wọ yẹ̀rì pupa, ó kun ètè, ó de àkẹtẹ̀ oníyẹ̀ẹ́! Kì í ṣe ẹyọ kan o, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni. Wọ́n so agbòjò mọ́ orí ọ̀pá gígùn, wọ́n kọ́ ara wọn lápá, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n kún títì láti ògiri dé ògiri, fèrè sì ń dún níwájú wọn. Mo bi Ṣadé pé ṣé orí wọn pé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ aláyé ti dáyé nìyẹn, pé dókítà tó jẹ́ ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ náà wà nínú wọn níbì kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá dókítà tó wọ yẹ̀rì kiri.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, olórí ìlú wọn jáde sí bákónì gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ wá wo nǹkan! Ẹja ṣáwá ló ń jù sí àwọn ènìyàn nísàlẹ̀. Ẹja yíyan, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá! Gbogbo ìlú ń pariwo pé kó ju púpọ̀ sí i. Mo sọ fún Ṣadé pé bí alága ìjọba ìbílẹ̀ tiwa bá dán irú rẹ̀ wò, wọ́n á ní ó ń fi ẹja ra ìbò.

Ibi tí mo gbójú sókè sí, tí mo ń wo ẹja, ni ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ti fi apá kọ́ apá ọ̀tún mi. Ẹlòmíràn kọ́ ti òsì. N ò tíì rí ẹnu sọ pé rárá tí ìlà náà fi gbéra! Èmi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, mò ń fò sókè láàárín àwọn agùntáṣọ́ọ́lò tó wọ yẹ̀rì. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi gan-an! Ìgbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀ ni mo wẹ̀yìn. Kò sí Ṣadé. Kò sí Mọ́jí.

Fóònù mi wà nínú báàgì Ṣadé. Lóòótọ́, Mọ́jí ti kọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ sórí ìwé, ó sì fi í sí àpò àyà mi. Kí ló wá kù ju pé kí n bẹ ẹnì kan kó bá mi pè é? Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ la ẹnu, ojú ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì á yọ sí mi. Bí wọ́n bá tún fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni mo ń rìn kiri pẹ̀lú nọ́ńbà láyà. Ẹ wo agídí! Òtútù ń mú mi. Kí a má fi ọ̀rọ̀ bò, ìtọ̀ náà sì ti ń gbọ̀n mí.

Ní àdúgbò kan, mo rí ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Orin ń jáde níbẹ̀, òórùn àlùbọ́sà àti bọ́tà ń jáde. Àwọn mẹ́ta kan dé, wọn kò kan ìlẹ̀kùn, wọ́n wọlé tààrà.

Ẹ̀yin náà mọ ìṣe wa. Lọ́jọ́ Kérésì tàbí ọjọ́ Iléyá ní Rẹ́mọ, ta ní ń ti ìlẹ̀kùn? Bí o bá ń kọjá, wọ́n á ní kí o yà. Bí o kò bá yà, wọ́n á ní o di àwọn sínú. Nílé Alájì ọ̀rẹ́ mi, oníṣòwò obì ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù, mo ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí èmi àti onílé kò mọ orúkọ rẹ̀ títí ó fi dìde lọ. Ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, ìpè ni.

Mo nu bàtà mi, mo ṣí fìlà, mo wọlé.

Orin dá dúró. Nǹkan bí ogún ènìyàn kọjú sí mi. Ìyá arúgbó kan tó de àkẹtẹ̀ pupa dìde láti ẹ̀yìn ìkòkò ọbẹ̀, ṣíbí ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà yẹn ni mo rí i pé n kò ní ibi tí mo lè sá sí. Àfi kí n sọ̀rọ̀.

Mo sọ ọ́, ní Faransé inú oko obì! Mo kí wọn kú ọdún. Mo ní kí ilé náà pẹ́ títí, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ tún rí ọdún mìíràn, kí òkun má ṣe gba ẹni wọn. Mo wá fi kún un pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, níbo ni ilé ìtọ̀ wà?

Ilé bú sẹ́rìn-ín! Wọ́n fi ìlẹ̀kùn hàn mí. Àmọ́ ẹ dúró o. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n fi ìlẹ̀kùn hàn mí! Gbogbo ohun tí mo wí pátá ló yé wọn!

Nígbà tí mo jáde, mo rántí pé a kì í wọ ilé ọlọ́dún lọ́wọ́ òfo. Obì kan tí Alájì fún mi wà nínú àpò kóòtù mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá náà, mo sì fi hàn án bí a ṣe ń pa á. Ó gé awẹ́ kan jẹ. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ojú ọmọ tí wọ́n rọ àgbo fún. Ó ní ó korò! Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó mu omi lé e. Ó mu ún. Ló bá pariwo pé wọ́n ti fi ṣúgà sómi! Gbogbo ilé na ọwọ́, oníkálukú fẹ́ jẹ obì mu omi.

Ìyá náà, Odette lorúkọ rẹ̀, fi mí jókòó, ó bu ọbẹ̀ àlùbọ́sà fún mi. Ó ní, "Mùsíọ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú Faransé báyìí. Bí tíṣà wa ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé nìyẹn. Ìlú wo ni ẹ ti kọ́ ọ?"

Mo ní, "Ìkẹ́nnẹ́."

Ó ronú lọ, ó ronú bọ̀. Ó ní, "Ìkẹ́nnẹ́... apá gúúsù ni, àbí?"

Mo ní, "Gúúsù ni, Màdáàmù. Ó kàn jìnnà díẹ̀ ni."

A sọ̀rọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ó sọ fún mi pé àwọn apẹja ló bẹ̀rẹ̀ ọdún náà láyé àtijọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ pẹja lókun òtútù fún oṣù bíi mélòó kan, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á jó, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò bọ̀. Bàbá bàbá tirẹ̀ lọ lọ́dún kan, kò bọ̀. Èmi náà sọ ti bàbá mi fún un, àti ti bàálù tí n kò wọ̀. Ó tún bu ọbẹ̀ sí i fún mi.

Èmi fúnra mi ni mo wá yọ ìwé nọ́ńbà jáde, tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi pe ọmọ mi. Kò pẹ́ tí Ṣadé fi já wọlé, ẹkún lójú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Dádì! Ilé ta nìyí? Ta ló pè yín wọlé?"

Mo ní, "Ìlẹ̀kùn ló pè mí."

"Ìlẹ̀kùn kẹ̀? Dádì, kì í ṣe Ìkẹ́nnẹ́ la wà!"

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n ń ṣí ilé lọ́jọ́ ọdún, ṣùgbọ́n fún ẹni tí wọ́n mọ̀ ni. Àwọn mẹ́ta tí mo tẹ̀ lé wọlé, ọmọ àbúrò Màdáàmù ni wọ́n! Ojú tì mí, mo fẹ́ dìde kí n tọrọ àforíjì. Ìyá náà fi ọwọ́ tẹ èjìká mi padà. Ó ní kò sí àṣìṣe, òun ti mọ̀ mí báyìí. Ó wá kọjú sí Mọ́jí, ó ní kó tẹ́tí sí bàbá àgbà rẹ̀ dáadáa, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ Faransé láìgé ọ̀rọ̀ jẹ.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Mọ́jí gbé orí lé èjìká mi. Ó ní, "Gránpà, kí lẹ sọ nípa òkun yẹn? Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó ń sọ ọ́ tẹ̀ lé mi.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú sé ọ̀nà mọ́ yín nígbà tí ìrànlọ́wọ́ wà láyà yín. Bí ẹ bá sì láǹfààní láti lọ sí ilẹ̀ Faransé, ẹ wo ti òdòdó, ẹ wo ti àbẹ́là, ṣùgbọ́n ẹ má fo Dunkerque. Ẹ kàn béèrè kí ẹ tó wọlé!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti bá yín ṣe ọdún rí níbi tí wọn kò ti mọ̀ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á.

Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìpẹ̀rú, ẹ̀yin tí ẹ ti di bàbá àti ìyá níbi gbogbo báyìí, ẹ̀yin gan-an ni mo kọ èyí fún. Faransé tí mo kọ́ yín, ojúlówó ni. Mo ti lọ wò ó.