Àlejò Tó Fẹ́ Mú Ọmọ Mi Lọ sí Atakpamé

Láwọn ọdún tí ọkọ mi fi ń ṣiṣẹ́ oko kòkó ní ilẹ̀ Kódífúà, èmi, ọmọbìnrin mi àti ìyá ọkọ mi nìkan la wà nílé, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Agbonou. Ọmọ náà wà lára àwọn tí ẹgbẹ́ àánú kan láti òkè òkun ń ràn lọ́wọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òyìnbó tirẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ń rán an níléèwé, tó sì ń fi aṣọ ránṣẹ́. Baba la máa ń pe òyìnbó bẹ́ẹ̀ lábúlé, bí a kò tilẹ̀ rí i rí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, baba ọmọ mi wá. Ọkùnrin gíga ni, ẹ̀rín rẹ̀ jẹ́jẹ́, oòrùn sì ti sọ ọrùn rẹ̀ di pupa. Aṣojú ẹgbẹ́, ọmọ ìlú Atakpamé kan tí kì í fẹ́ kí eruku kan bàtà rẹ̀, ló ń túmọ̀ fún un. Ó jẹ iyán wa, ó bá àwọn ọmọdé ṣeré. Kí wọ́n tó lọ, aṣojú ní àlejò fẹ́ kí ọmọ wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ òun nílé tó wọ̀ sí ní Atakpamé, kí àwọn méjèèjì lè mọ ara wọn. Ó ní wọ́n á wá gbé e láàárọ̀.

Inú ìyá ọkọ mi dùn gan-an. Nílé wa, bí àlejò ńlá bá dé, a máa ń yan ọmọ kan fún un. Ọmọ yìí ni yóò máa gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì máa sùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kó lè tètè gbọ́ bó bá pè. Iyì ni fún ilé tí wọ́n ti mú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Èmi náà ti ṣe ọmọ àlejò rí. Mo kéré nígbà náà. Bàbá mi fi mí fún ọ̀gá kan tó wá bẹ iléèwé wa wò. Mo gbé omi lọ bá a, ó ní kí n wọlé, kí n ti ilẹ̀kùn. Bó ṣe sọ ọ́ ló bà mí lẹ́rù. Mo ju garawa sílẹ̀, mo sá. Bàbá mi nà mí nítorí omi tó dà sórí bàtà àlejò. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kò tíì ṣe mí ní nǹkan kan.

Láàárọ̀, ìyá ọkọ mi ti wẹ ọmọ, ó ti fi òrí pa á lára, ó sì ti wọ̀ ọ́ ní aṣọ tí òyìnbó fi ránṣẹ́. Mo ní, "Ìyá, ọmọ yìí ò ní í lọ."

"Kí ló dé? Ṣé òyìnbó máa pa á jẹ ni? Ọmọ tó jẹ́ egungun lásán, kí ni yóò rí jẹ lára rẹ̀?"

"Kò gbọdọ̀ dá lọ."

"Ìyàwó, ìwé tí o kà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu."

Ọkọ̀ dé. Àwọn aládùúgbò ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti wo bí ọmọ wa yóò ṣe wọkọ̀. Mo di ọwọ́ ọmọ mú. Mo sọ fún aṣojú pé bí yóò bá lọ, àwa méjèèjì la ó jọ lọ, a ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kí òyìnbó rán yín níléèwé ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ. Mo ní kó sọ fún àlejò pé ààyè wà níbí, kó máa wá jókòó ti ọmọ lójoojúmọ́ níṣojú gbogbo wa, a ó máa se oúnjẹ fún un. Aṣojú túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó wò mí pẹ́. Ó sọ nǹkan kan ní ohùn jẹ́jẹ́, ó sì lọ jókòó sínú ọkọ̀.

Mo bi aṣojú pé, "Kí ló wí?"

"Ó ní òun ò mọ irú èèyàn tí ẹ ka òun sí."

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Ọmọ mi sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pé àlejò náà ti yọwọ́ lọ́rọ̀ ọmọ wa, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbà á. Ìyá ọkọ mi ní mo ti lé baba ọmọ lọ. Mo kọ̀wé sí ọkọ mi. Èsì tó fi ránṣẹ́ ni pé kí n máa gbọ́ràn sí ìyá òun lẹ́nu. Àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣe àáró, tí a máa ń ti oko ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, kò pè mí mọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù kí ọ̀rọ̀ mi má ba ti àwọn ọmọ tiwọn jẹ́. N kò lè bá wọn jà. Àwọn náà lọ́mọ.

Nígbà tí òwú là, èmi àti ọmọ nìkan la wà lóko. Bí a bá dákẹ́, mo máa ń gbọ́ orin àwọn obìnrin náà láti òdìkejì odò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ mi bi mí, ó ń ká òwú lọ, kò gbójú sókè.

"Màmá, ṣé èèyàn burúkú ni òyìnbó yẹn?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀, ẹ sì lé e lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dúró, bíi pé ó ń retí kí n fi nǹkan kún un. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì kọjá sí poro tó jìnnà sí mi. Mo ń wo orí rẹ̀ láàárín òwú, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ.