Ewúrẹ́ Inú Táyà

Bí ẹ bá pàdé Fọláhànmí ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wo èékánná rẹ̀. Ọ̀dà pupa kì í tán lábẹ́ wọn. Iṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù kíkọ ló ń ṣe, iṣẹ́ tí Bàbá Fáwọlé kọ́ ọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà tí kò tíì lọ́kọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí mọ́, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn ìyẹn. Àṣejù rẹ̀ nìkan ló pọ̀. Nígbà tí Kabir tó ń lẹ táyà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní kí ó ya bọ́ọ̀dù fún òun, táyà márùn-ún ló yà sí i. Ó ya mọ́tò, ó ya ọ̀kadà, ó ya Kabir fúnra rẹ̀ tó mú pọ́ǹpù dání, ó kọ nọ́ńbà fóònù mẹ́ta, ó tún wá fi àdúrà dí àyè tó kù. Àwọ̀ méje! Lọ́jọ́ kẹta, awakọ̀ kan tí táyà rẹ̀ ti jò wọ́ ọkọ̀ kọjá lábẹ́ bọ́ọ̀dù náà láìmọ ohun tó ń wí, ó sì lọ lẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn níwájú.

"Ìyá Dámisí," ni Kabir wí fún Fọláhànmí, "ẹ ṣiṣẹ́ o, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n fulẹ́ẹ̀sì ni n ó lọ tẹ̀."

Fulẹ́ẹ̀sì yìí, aṣọ ọ̀rá tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà tẹ àwòrán sí kíákíá, ti kó àwọn oníbàárà Fọláhànmí lọ tán. Kabir ló kù. Bí òun náà bá lọ, á jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì di ohun ìpatì, kí ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa bó ẹ̀gẹ́ ní Ìrẹsà. Ó bẹ Kabir pé kí ó fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì wọkọ̀ Ọ̀yọ́ lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

Ojú Bàbá Fáwọlé ti di bàìbàì báyìí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó bi í pé: "Kí ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn tó máa ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Fọláhànmí ronú. "Ewúrẹ́ rẹ̀ ni, bàbá. Inú ògbólógbòó táyà kan ló máa ń jókòó sí. Wọn ì báà máa lu irin létí ẹ̀, kò ní dìde."

"O mọ èyí, o wá lọ kọ nọ́ńbà fóònù mẹ́ta! Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́, kí wọ́n má baà ní o ò ṣiṣẹ́ tó. Mú èédú, yà á sára ògiri, kí èmi tí mi ò ríran yìí rí i."

Ó yà á. Bàbá ní òun ò rí nǹkan kan. Ó nù ún, ó yọ irun ara ewúrẹ́ kúrò. Bàbá mi orí. Ó yọ àwọn ìlà ara táyà kúrò. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ku róbótó kan, ikùn ńlá kan, àti etí méjì, ọ̀kan dúró ṣánṣán, èkejì rọ̀ wọ̀ọ̀. Bàbá sún sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ewúrẹ́ ni! Wo bó ṣe jókòó bí ìyá ọkọ!"

Bó ṣe wà lára ògiri náà ló ṣe yà á sí bọ́ọ̀dù, dúdú lórí funfun, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: TÁYÀ. Ó gbé e kọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, Kabir sì wò ó títí.

"Ìyá Dámisí, ṣé ẹ ń fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Fọláhànmí nawọ́ sí ewúrẹ́ tó wà nínú táyà rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró ní òdìkejì títì. Ẹ̀rín ni awakọ̀ náà ń rín bọ̀. "Ẹ bá mi wo táyà ẹ̀yìn," ló wí, "bí ewúrẹ́ yín bá gbà." Kabir kò dárúkọ fulẹ́ẹ̀sì mọ́.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Lóṣù kejì, Fọláhànmí gbé iṣu Ìrẹsà lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kọ́ mi níṣẹ́." Bàbá ní ewúrẹ́ ni kó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tó ń padà bọ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe wọ Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin kan tó gbé ẹrù lé ẹsẹ̀ ké láti ẹ̀yìn: "Ẹ dákun, Ewúrẹ́ wà o!"

Dẹ́rẹ́bà kò bi í pé ewúrẹ́ wo. Ó ti ń tẹ bíréèkì. Takie ni Fọláhànmí ń lọ, ṣùgbọ́n ó bá obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, lábẹ́ bọ́ọ̀dù tó yà fún Kabir, ó ń fi etí gèlè nu ojú, ó ń dúpẹ́.