Àwọ̀n Zinsu Lórí Wáyà Òkun

Bí Zinsu bá sọ̀rọ̀ létí òkun ní Gberefu, ẹni tó wà ní Topo á gbọ́. Kò sẹ́ni tó mọ àwọ̀n fà bíi tirẹ̀ títí dé Kútọnu. Ẹni tó bá jiyàn, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹja.

Ibi tó ti ń fa àwọ̀n gúnlẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ òkun ri wáyà wọn mọ́. Wáyà náà gba abẹ́ iyanrìn lọ bá àwọn ẹ̀rọ tó jókòó sísàlẹ̀ omi, tí wọ́n ń gbọ́ ìró, tí wọ́n ń wọn ìgbì, tọ̀sán-tòru. Olúbísí, ọmọbìnrin Èkìtì tó ń bójú tó o, ní ó di ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn tó lè sọ ìdí tí òkun fi ń jẹ etíkun.

“Òkun jẹ ilé bàbá mi, ó fi sàréè rẹ̀ lé e,” ni Zinsu wí. “Ṣé ọjọ́ ìgbéyàwó lèèyàn fi ń mọ ìwà ìyàwó? Ẹ fi wáyà yín sílẹ̀.”

Nígbà tó yá, ẹja wọ́n. Dosu, àbúrò Zinsu, olórí ẹgbẹ́ afàwọ̀n, ní wáyà ló ń lé ẹja. Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́yìn, tàdá-tàdá, wọ́n wá gé e. Wọ́n bá Zinsu tó jókòó lórí ibẹ̀, ó ń jẹ àgbọn.

“Fofo, ẹ dìde,” ni Dosu wí. Bí Ègùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n nìyẹn.

“Èmi ni mo kọ́ ẹ ní okùn dídì, o ṣì ń dì í bí ẹni ń wé gèlè. Ìwọ lo fẹ́ gé wáyà?”

Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Dosu kò rín. “Ebi ń pa àwọn ọmọ wa, Fofo.”

“Ṣé ẹja ló wá sọ fún ẹ pé wáyà lé òun? Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń ha ìsàlẹ̀ òkun ńkọ́? Ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́ wọn. O fẹ́ gé etí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tá a ní?”

“Kí ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀, a ti kú.”

Zinsu ju èèpo àgbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó dìde. Wọ́n rò pé ó ti gbà. Àṣé àwọ̀n rẹ̀ ló lọ kó. Ó tẹ́ ẹ sórí wáyà láti ìdí àgbọn dé ibi tí ìgbì ń kú sí, ó fi èèkàn kàn án mọ́lẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ wọn, ẹnìkan kì í fi irin kan àwọ̀n ẹlòmíràn. Bí àwọ̀n ọ̀tá rẹ há mọ́ tìẹ, ọwọ́ lo máa fi tú u. Ẹni tó bá gé e, kò sẹ́ni tí yóò bá a fa okùn mọ́ láéláé.

“Ó yá, gé e,” ni Zinsu wí.

Dosu wo àdá ọwọ́ rẹ̀. “Kí lẹ máa wá fi pẹja?”

“Màá dẹ ìwọ̀.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ ọmọdé ni ìwọ̀ dídẹ?”

“Mo ti dọmọdé. Máa lọ.”

Àwọ̀n náà wà níbẹ̀ dòní, oòrùn ti mú un ṣá di funfun. Ìgbà ẹja ṣàwá dé, gbogbo ayé ń fàwọ̀n. Zinsu ń dẹ ìwọ̀ nínú ọkọ̀ kékeré, ẹja tó ń pa kò kún igbá. Bí Dosu bá kọjá, á pòṣé. Zinsu á pòṣé padà, tirẹ̀ á sì gùn débi pé ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ òkun á gbọ́ ọ.