Àwo Tó Gba Ipò Kìíní Lọ́dún Náà

Òórùn ike tó ń yọ́ ni mo fi ń rántí ọdún yẹn. Àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni, èmi sì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Oregun, níbi tí a ti ń ṣe abọ́ ike àti kẹ́ẹ̀gì. Kásúà ni mí, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lè lé lọ lọ́sàn-án kó tó jẹun tán, ọdún kẹta mi sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bí mo ṣe ń yan lọ yan bọ̀ ní Ìfàkọ̀ tí mò ń gbé á rò pé èmi ni mo ni ilé iṣẹ́ náà, torí èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olólùfẹ́ gbajúmọ̀ olórin fújì kan.

Ọ̀gá wa la máa ń pe olórin náà. Olórin mìíràn wà tí wọ́n jọ ń bára wọn du ipò, àmọ́ a kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. "Ẹni yẹn" là ń pè é, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ àìsàn burúkú. Ẹni tí wọ́n bá ká kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ó dágbére fún ẹgbẹ́ nìyẹn. Kíláàsì ilé ìwé kan ní àdúgbò Ọgbà la ti ń ṣèpàdé lọ́sàn-án Sunday, lẹ́yìn tí èmi àti àwọn ọmọ Èkìtì yòókù inú ẹgbẹ́ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Àṣà wa ni pé ní ìpàdé tó kẹ́yìn ọdún, akọ̀wé á ka àwo márùn-ún tó dára jù àti òde eré mẹ́ta tó dùn jù sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn. Ọ̀gá wa ló sì gbọ́dọ̀ gba ipò kìíní. Kò sí nínú òfin ẹgbẹ́, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Alága ẹgbẹ́ wa ni súpáfáísọ̀ mi níbi iṣẹ́, bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn á fi orúkọ mi sára àwọn tí wọ́n máa fún níwèé iṣẹ́ gidi tí ọdún bá yí. Mo sọ fún ìyá mi, ìyá mi sì sọ fún gbogbo àdúgbò.

Àwo tí ọ̀gá wa gbé jáde lọ́dún náà ló da nǹkan rú. Orúkọ èèyàn ló kún inú rẹ̀. Ìjọba tuntun dé, kánsẹ́lọ̀ pọ̀ nílẹ̀, ọ̀gá wa sì kí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó kí ìyàwó wọn, ó kí mọ́tò wọn. Mo gbọ́ ọ títí, mò ń tan ara mi pé ó ń wọ̀ mí lára. Oṣù yẹn náà ni àwo ẹni yẹn jáde. Mo yọ́ lọ rà á l'Ágege, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè, mo fa páálí rẹ̀ ya, mo kì í bọ inú páálí ọ̀gá wa, mo sì tilẹ̀kùn kí n tó gbọ́ ọ. Ó kọrin nípa bí bàbá rẹ̀ ṣe kú nígbà tí òun wà lóde eré, tó ń pa àwọn ẹlòmíì lẹ́rìn-ín, tí kò sì mọ nǹkan kan. Bàbá tèmi wà láàyè, ara wọn sì le, àmọ́ mo sunkún. Inú bí mi sí ara mi. Mi ò mọ̀ bóyá orin náà ló dára ni àbí orí mi ló ti dàrú.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, ẹni yẹn ṣeré ní pápá kan l'Ágege. Mo ní mò ń lọ wo bó ṣe máa tẹ́ ni. Mo fa fìlà bojú, mo dúró lẹ́yìn. Nígbà tó dé ibi ikú bàbá rẹ̀, gbogbo pápá ló ń gbè é. Mo yíjú sọ́tùn-ún, mo rí alága wa. Àwọn náà fa fìlà sílẹ̀, wọ́n dijú, wọ́n ń gbè é láìfo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí wọ́n lajú, ojú wa ṣe mẹ́rin. Mi ò kí wọn, mo sì rìn kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí n lọ dúró ti ẹ̀rọ kẹta, bí ẹni pé a ò ríra ní pápá. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi ò ti lélẹ̀. Ṣé wọ́n wá ṣọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó bá yọ́ wá síbẹ̀ ni? Ṣé wọ́n fẹ́ kí n dákẹ́ ni, àbí wọ́n ń dán mi wò? Nígbà tí ìpàdé ìparí ọdún kù díẹ̀, mo lọ bá wọn lákòókò oúnjẹ, mo ní kí wọ́n gbà mí nímọ̀ràn lórí àwo ọdún. Wọ́n fọwọ́ nu ẹnu.

"Akọ̀wé," wọ́n ní, "mi ò ní bá ẹ kọ ọ́ o. Ohun tó bá wà lọ́kàn ẹ ni kó o kọ."

Mo yí ọ̀rọ̀ yẹn síwá, mo yí i sẹ́yìn, kò yé mi. Lọ́jọ́ ìpàdé, mo dìde, mo fi àwo ọ̀gá wa ṣe ipò kìíní. Mo tún fi òde eré kan tó ṣe n'Íkẹjà ṣe àkọ́kọ́, níbi tó ti pẹ́ dé tí kò sì kọ tó orin mẹ́ta. Ẹni yẹn ò sí níbì kankan. Ẹgbẹ́ hó yèè. Alága pàtẹ́wọ́, àmọ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Nígbà tí ọdún yí, ìwé iṣẹ́ mi jáde. Alága fúnra wọn ló mú un wá bá mi lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́ títí. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n sì rọra sọ ọ́ pé: "Mo ti rò pé ìwọ lo máa bá wa sọ ọ́."

Wọ́n kọjá lọ. A ò sọ̀rọ̀ orin mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, tí wọ́n padà sílé l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ìgbà míì, inú máa ń bí mi pé ohun tí alága tó di ẹgbẹ́ mú ò lè sọ, pé àwo ẹni yẹn ló dára jù, kásúà ni wọ́n fẹ́ kó sọ ọ́. Ìgbà míì, ojú a tì mí, torí mo rò pé àwọn nìkan ló tíì ní kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi rí. Mo ti pẹ́ láyé díẹ̀ báyìí, kò sì sẹ́ni tó lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Síbẹ̀, bí àwọn ọmọ mi bá bi mí pé àwo wo ló dùn jù lọ́dún yẹn, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi kí n tó dáhùn.