Ọ̀pá Gíga Tó Wà Lápá Ọ̀tún

Nínú gbogbo ìsọ̀ Agbowó, ti Mánsúrù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ R, èdè tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà ṣírò, kọ̀ǹpútà á sì ya èsì rẹ̀ ní àwòrán. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹnu ṣáà dùn-ún ròfọ́.

Bàdírátù gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá. Ó ti bi àádọ́jọ abiyamọ ní Ẹlẹ́yẹlé pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Ọgbọ̀n nínú wọn kọ̀, torí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó kọ 99 síwájú ẹni tí kò dáhùn, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Mánsúrù kò ṣí ẹ̀yìn ìwé wò.

Nígbà tí àwòrán jáde, ọmọbìnrin náà fara balẹ̀ wò ó. "Bọ̀dá Mánsúrù, ọ̀pá gíga wo ló wà lápá ọ̀tún yìí? Ṣé ọmọ mẹ́rìnlélógún tó kan abiyamọ kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ jù?"

"Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni? Kọ̀ǹpútà kì í parọ́." Ó tiẹ̀ kun ọ̀pá náà ní àwọ̀ ewé kó lè wuni.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàdírátù padà dé. "Àwọn olùkọ́ wa fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kan ní ṣé ẹja ni àwọn ìyá Ẹlẹ́yẹlé ni. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Mánsúrù ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó rí àlàyé 99 níbẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè wo ọmọ náà. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó wá ka èèyàn; ó ti sin ọmọ méjì, kò fẹ́ kẹ́ni kankan bi òun pé mélòó ló kù. Mánsúrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Ó dìde. "Jẹ́ ká lọ. Màá sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Wọn kì í gbà ká gbé iṣẹ́ wa fún ẹlòmíì ṣe. Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe é. Tí ẹ bá yọjú, wọ́n á lé mi kúrò nílé ìwé."

Ó jókòó. Ó tẹ ìlà kan péré láti sọ fún R pé 99 kì í ṣe iye ọmọ. Ọ̀pá gíga náà pòórá, ọmọ márùn-ún péré ló wá kan abiyamọ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ló gba ọmọ ọlọ́mọ ní ọdún kan gbáko.

Bàdírátù kó ìwé rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, sà."

Ì bá sàn fún Mánsúrù ká ní ọmọbìnrin náà bú u.