Dọ́là Méjìdínlógójì ti Darla Hutnik

Ẹgbẹ̀rún méje ó lé ẹgbẹ̀ta dọ́là. Iye tí ilé ìwòsàn kọ sínú ìwé gbèsè Darla Hutnik nìyẹn ní oṣù Kìíní ọdún 1997, lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ adójútòfò ti san tiwọn kúrò. Ohun tí ì bá dènà gbogbo rẹ̀ kò ju dọ́là méjìdínlógójì lọ. Ẹ fi kékeré pín ńlá, igba ni yóò jáde.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Darla, ó wà ní ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Pennsylvania, ó sì ń fọ abọ́ ní ilé ìjẹun iléèwé. Ìyá rẹ̀ ti kú. Emil, bàbá rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ nídìí ìléru níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìgò, ó sì ń gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀ kí owó iléèwé má baà já. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ kì í kúrò létí. Lọ́jọ́ tí ọmọ aládùúgbò wọn gboyún wálé láti iléèwé, àárín oúnjẹ ni Emil ti gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Darla, gbọ́ o. Mi ò ní máa yan ara mi nídìí iná kí ẹnì kan máa fi òógùn mi ṣe fàájì. Ọjọ́ tí irú ẹ̀ bá dé etí mi, ọjọ́ náà ni owó iléèwé tán."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Darla gbé sọ́kàn wọ ilé ìwòsàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1996. Ìsàlẹ̀ ikùn ti ń dùn ún fún ọjọ́ mẹ́fà, omi tí kò yẹ sì ń jáde lójú ara rẹ̀. Curt tí wọ́n jọ ń fẹ́ra ti kó lọ sí iléèwé mìíràn láti oṣù Kẹjọ, kò kọ lẹ́tà kan.

"Gun bẹ́ẹ̀dì, ọmọ mi," ni Nọ́ọ̀sì Pruitt wí. "Ó tutù ju ojú ọ̀gá àgbà yín lọ, ṣùgbọ́n kì í jẹni."

Darla rẹ́rìn-ín. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ké. Ẹ̀rín tán lójú àwọn méjèèjì.

"Mo fẹ́ ṣe àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀, kí n sì fún ọ ní oògùn apakòkòrò lónìí yìí. Abẹ́ adójútòfò ta lo wà?"

"Ti bàbá mi. Ṣé ìwé á lọ sílé, mà?"

"Á lọ. Òun ló ni ìwé. Wọ́n á kọ orúkọ ohun tí a yẹ̀ wò síbẹ̀ gbangba."

Darla bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, mà."

"Dúró ná! Bí o bá san án lówó, kò sí ìwé kankan. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fún àyẹ̀wò, méjìlá fún oògùn. Dọ́là méjìdínlógójì péré."

Darla tú àpò rẹ̀. Dọ́là mọ́kànlá ló bá níbẹ̀. "Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n á sanwó fún wa."

"Àìsàn kì í dúró de ọjọ́ owó oṣù, ọmọ mi."

"Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mà. Ó dájú."

Wọn kì í tàwìn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Pruitt ti fi owó ara rẹ̀ san fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lọ́dún yẹn, ọ̀gá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un. Ó kọ orúkọ Darla sí ọjọ́ Ẹtì, ó jẹ́ kó lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, ìrora náà rọlẹ̀. Ẹ̀gún tí kò tani mọ́, a máa rò pé ó ti jáde ni. Nígbà tí wọ́n san dọ́là mẹ́rìnlélógójì fún Darla lọ́jọ́ Ẹtì, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Owó ọkọ̀ lọ sílé fún Ọjọ́ Ìdúpẹ́, àjọ̀dún ìparí oṣù Kọkànlá tí ìdílé máa ń pé jọ jẹ tòlótòló, jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ náà, Emil ń gé tòlótòló. Darla jókòó níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ rí bí eérú.

"Kí ló dé tí o ń wo tòlótòló yẹn bí ẹni pé ó jẹ ọ́ lówó?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó sì ṣubú. Ọyún tó ti kó jọ sínú rẹ̀ ló bẹ́.

Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù kò sí lára àwọn tí adójútòfò wọn ń bá ṣe, ṣùgbọ́n ta ló ń ráyè yẹ ìwé wò nígbà tí ọmọ ń kú lọ? Wọ́n là á níkùn. Ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, méjèèjì ni wọ́n gé kúrò. Dókítà ní yóò yè. Nígbà tí Darla béèrè nípa ọmọ bíbí, ilẹ̀ ni dókítà wò.

Lọ́jọ́ kẹta, Emil jókòó tì í, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Wọ́n ní oògùn wà fún un níléèwé. Kí ló dé tí o ò gbà á?"

"Torí ìwé ni, Dádì. Ìwé adójútòfò. Ẹ̀yin ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Ẹ̀ bá ti mọ̀."

Emil gbójú sókè. "Àwọn àpòòwé funfun tó ní fèrèsé yẹn?"

"Àwọn yẹn ni, sà."

"Darla, màmá rẹ ló máa ń ṣí wọn. Látìgbà tó ti lọ, mi ò ṣí ọ̀kan rí. Inú páálí bàtà ni mò ń jù wọ́n sí." Ó yí fìlà náà lọ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nídìí oúnjẹ ọjọ́ yẹn..."

Nígbà tí Darla délé, ó wá páálí náà rí lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ó kún dẹ́nu. Kò sí èyí tí ọwọ́ ya nínú wọn.

Àádọ́ta dọ́là lóṣooṣù ni wọ́n fi sísan gbèsè ilé ìwòsàn náà sí. Emil san án fún ọdún mẹ́fà gbáko, kò yẹ oṣù kan, kó tó kú. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Darla, tó ti di akọ̀wé owó níbi tí wọ́n ti ń ta pákó, gbà á ṣe. Láàárín rẹ̀ ó lọ́kọ; ọkọ fẹ́ ọmọ; wọ́n túká ní ọdún kẹrin. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé àádọ́ta tó kẹ́yìn lọ sí ilé ìwòsàn náà.

"Ó tán, mà," ni ọmọbìnrin ìdí owó wí. "Ẹ ò jẹ wá ní nǹkan kan mọ́."

"Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ránṣẹ́ sí mi."

Ìwé náà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nínú àpòòwé funfun tó ní fèrèsé. Darla kì í jẹ́ kí lẹ́tà sun ilé láìṣí i. Ó ya á níbi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, ó ka òdo tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì lọ tò ó sínú páálí bàtà náà, lórí ti bàbá rẹ̀.