Ọjọ́ Tí A Wa Ọkọ̀ Ojú Omi Láti Ìkirè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkirè, kò sí omi tó tóbi ju adágún Aṣéjìrè lọ lójú wa. Bí ọkọ̀ bá gbé wa kọjá níbẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, gbogbo wa á yọrí lójú fèrèsé, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí omi á pariwo. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lágbègbè yìí, láti Gbọ̀ngán títí dé Àpòmù, ẹ ó rántí. Òkun gan-an, ẹnu lásán la fi ń gbọ́ ọ.

Èmi ní tèmi, ìfẹ́ òkun ti kó sí mi lórí. Ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya wà nínú àpótí ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa. Ìtàn atukọ̀ ará Potogí kan ló wà níbẹ̀, ẹni tó wa ọkọ̀ yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà ká títí ó fi dé Íńdíà. Ahọ́n wa kò gbé orúkọ rẹ̀, Ọ̀gá Atukọ̀ la ń pè é. Mo ka ìwé náà títí mo fi mọ iṣẹ́ gbogbo okùn tó wà nínú ọkọ̀. Bí mo bá ń lọ ata, èmi àti Ọ̀gá Atukọ̀ ni. Bí mo bá ń pọnmi, òun náà ni. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń tọ́ mi. Dòdò Ìkirè ni wọ́n ń dín tà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dúdú, tí a fi ata àti iyọ̀ sí, tí a dín nínú epo pupa. Èmi ni mo ń bá wọn ṣọ́ agbada. Bí òórùn bá ti yí padà, wọ́n á ké láti ẹ̀yìnkùlé: "Sílífá, ọkọ̀ rẹ ti ń jóná o!"

Mo wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà tí Anti Rónkẹ́, tíṣà wa, sọ pé ẹnì kan nínú wa yóò sọ ìtàn fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní lójú àwọn òbí, lọ́jọ́ ìparí ọdún. Mo nawọ́. Gàníyù ará Àpòmù náà nawọ́. Anti ní kí àwa méjèèjì lọ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹni tí àwọn ọmọ bá jókòó gbọ́ tirẹ̀ dópin ni yóò sọ ọ́.

Ìtàn ìjàpá ni Gàníyù sọ, ẹ̀rín ni wọ́n fi parí rẹ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti orí òpó ọkọ̀, mo ṣàlàyé ìgbòkun, aṣọ tó ń gba afẹ́fẹ́, mo ṣàlàyé ìdákọ̀ró. Àwọn kan ti sùn kí ọkọ̀ mi tó kúrò ní èbúté. Mo ní lójú òkun, èèyàn kì í rí etí omi lọ́tùn-ún, kì í rí i lósì. Wàsíù, ọmọ kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, dìde fùú.

"Irọ́ ni! Aṣéjìrè pàápàá ní etí."

Ni gbogbo wọn bá gbè é, "Irọ́ ni! Irọ́ ni!" Bí wọ́n ṣe tú jáde nìyẹn. "Anti Amọ́mọsùn" ni Gàníyù ń pè mí títí a fi jáde ní ilé ẹ̀kọ́.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Anti Rónkẹ́, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún un sọ. Wọ́n ní, "Ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí wọ́n bá tún dìde, Gàníyù ló ni ín."

Nírọ̀lẹ́, mo sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà. Wọn ò béèrè òpó ọkọ̀. "Kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀?" Mo ní bísíkíìtì tó le bí òkúta. "Omi ńkọ́?" Mo ní iyọ̀ ni omi òkun, kò ṣeé mu, èyí tí wọ́n gbé dání sì ti ń rùn.

"Háà! Omi yí wọn ká, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n! O mọ èyí, o wá ń sọ okùn fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo fi eérú ya ọkọ̀ ńlá sílẹ̀ nínú oòrùn, bí a ṣe ń ya súwé. Mo kó gbogbo ọmọ kíláàsì kìíní náà sínú rẹ̀. "Ẹni tó bá tẹ ìta ti bọ́ sókun nìyẹn, ó ti rì." Mo bu gàrí gbígbẹ sí wọn lọ́wọ́, a sì ń fi ọwọ́ wa ọkọ̀ lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń kígbe omi. Mo ti gbé abọ́ omi iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà. Wàsíù ló kọ́kọ́ bù ú. Ó tu ú dànù. "Anti Sílífá, etí omi dà?"

"Kò sí. Ó lé ní oṣù mẹ́ta tí wọn ò fi rí ilẹ̀. Ẹ máa wà á."

Mo sọ bí àìrí èso tútù jẹ ṣe mú kí èrìgì wọn wú, tí àwọn mìíràn sì kú. Wọ́n ṣáà ń wa ọkọ̀ lọ. Gàníyù fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní, "Wọn ó dìde báyìí." Ni agogo ìsinmi bá dún. Anti Rónkẹ́ pe àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n máa bọ̀. Wàsíù, tí gàrí ti funfun sí létè, ló dá wọn lóhùn:

"Anti, a ó rì!"

Mo kígbe pé, "Ilẹ̀ rèé!" Mo gbé ọsàn jáde, èyí tí Ìyá Àgbà já fún mi lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọsàn náà ni àwọn atukọ̀ yẹn rí mu ní etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, tí ara àwọn aláìsàn wọn fi yá. Ẹ wá wo bí àwọn ọmọ ṣe ń fa omi ọsàn!

"Sílífá, ìwọ ni," ni Anti wí. "Ìwọ náà lo máa gbá eérú yìí."

Lóde òní, àwọn ọmọ mi ti rí òkun lórí fóònù kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn. Kò sẹ́ni tó máa pè mí ní onírọ́. Síbẹ̀ mo ya ọkọ̀ náà fún wọn lágbàlá láìpẹ́ yìí, wọ́n jẹ gàrí, òùngbẹ gbẹ wọ́n, a sì gúnlẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mi mú ọsàn dání, kò tíì mu ún. Ó ní, "Mọ́mì, kí ni àwọn tó ni igi ọsàn náà sọ nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀?"

Nígbà tiwa, kí a ṣáà ti gúnlẹ̀ ló jẹ wá lógún. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó béèrè ẹni tó ni igi, ìwé wa náà kò sì sọ ọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà lákọ̀tun. Mo ti rí i pé àwọn tó ni igi ọsàn náà ní ìlú, wọ́n ní ọba, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi tiwọn, àti pé ẹnì kan tó mọ ojú omi náà dáadáa ni àwọn atukọ̀ gbà ní etíkun yẹn, òun ló sì mú Ọ̀gá Atukọ̀ dé Íńdíà. Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi. Ó ní òun ò béèrè ohun tí wọ́n ní, ohun tí wọ́n sọ lòún béèrè. Mo ṣì ń wá a, n ó sì rí i.